“Òyìnbó ló kọ́ ọ” kò ní kí dáàmù má wó

Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní àrọ̀ìdá n’Íbàdàn, tí ẹnì kan sì dárúkọ dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà kan: “Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Òyìnbó ló kọ́ ọ. Láti 1942 ló ti wà níbẹ̀, ṣé òjò ọdún yìí ni yóò wá gbé e lọ?” Èmi náà gbà á gbọ́ tipẹ́. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà ní ìdí.

Dáàmù mìíràn wà tí kì í yè é ní ìgbà àkọ́kọ́ tí omi bá kún inú rẹ̀. Teton ní Amẹ́ríkà wó ní Oṣù Kẹfà 1976, omi kò tíì kún un tán rí. Nítorí náà, èyí tó bá ti pẹ́ ti yege ìdánwò kan lóòótọ́. Ó ku àwọn yòókù.

Òyìnbó tí à ń wí yìí náà ni wọ́n kọ́ dáàmù South Fork ní Pennsylvania, láàárín 1838 sí 1853. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan rà á, ó yọ àwọn páìpù irin tí wọ́n fi ń tú omi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó tà wọ́n. Àwọn olówó tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ibi fàájì. Wọ́n gé orí rẹ̀ wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè ráyè kọjá, wọ́n sì fi àwọ̀n irin dí ojú ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà jáde, kí ẹja má bàa sá lọ. Ẹja o! Ní 31 Oṣù Karùn-ún 1889, òjò ńlá dé, pàǹtírí há sí àwọ̀n, omi gorí dáàmù, ó sì já a. Èèyàn 2,209 ló bá a lọ.

Ti Alau lẹ́bàá Maiduguri, tó já ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, wà níbẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980. Òun náà kì í ṣe ọmọdé.

Púpọ̀ nínú àwọn dáàmù kéékèèké àtijọ́, erùpẹ̀ tí wọ́n lù títí ó fi ki ni. Ohun tó ń pa erùpẹ̀ kì í pariwo. Ikán ń gbẹ́ ẹ, òkété ń gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ní igi tó hù lórí rẹ̀ ló ń dì í mú. Koríko kúkúrú ló ń ṣe ìyẹn. Bí igi bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, ihò á sì ṣẹ́kù fún omi láti gbà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ dáàmù náà lápá ibi tí kò sí omi. Bí omi díẹ̀ bá ń sun níbẹ̀, tó tòrò, tí kò sì pọ̀ sí i, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá rú, tó pọ́n bí omi àgbàrá, inú dáàmù gan-an ló ń ṣàn jáde yẹn. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ tó kéde.

“Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò”: àdúrà dáadáa ni fún èèyàn. Fún dáàmù, kí Ọlọ́run má gbà á. Ewé orí omi àti ọ̀rá tí a ń jù sójú àgbàrá ló ń lọ dí ibi tí omi àpọ̀jù yẹ kó gbà, bí àwọ̀n ẹja ọjọ́sí.

Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá wó, èèyàn tó lé ní 100 sì kú káàkiri ìlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dáàmù náà ṣe, lábẹ́ iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún. Mo rán bàbá kan létí èyí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Àwọn wo ló ń gé koríko ibẹ̀ báyìí?”