Wọ́n Fi Irọ́ Bo Ikú Sybil Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Downton Abbey, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé inú kì í bí yín ni? Mo ti ń fara dà á bọ̀. Mo fara da oúnjẹ alẹ́ tí kì í tán, mo fara da ẹjọ́ Bates, ìránṣẹ́ Lọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ti Sybil yìí, rárá o!

Sybil, ọmọbìnrin Lọ́ọ̀dù Grantham tó ni ilé, ń rọbí. Dókítà Clarkson, tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ní kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú, ọmọ inú rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ti ń dàrú. Ó ní ká gbé e lọ ọsibítù kíákíá, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Lọ́ọ̀dù Grantham kọ̀! Ó ti gbé Sir Philip wá láti London, dókítà àwọn ọlọ́lá, ìyẹn sì ní kò sí ewu kankan. Ìyá ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n dúró wọ́n ń jiyàn. Ìyá àgbà, ìyá Lọ́ọ̀dù, ló jàjà rántí pé ọmọ yìí lọ́kọ nílé. Ibi tí Branson ọkọ rẹ̀ ti ń rò ó, ọmọ ti dé. Gbogbo wọn yọ̀, wọ́n lọ sùn. Lóru, Sybil ní orí ń fọ́ òun, gìrì sì mú un. Sir Philip dúró, kò rí nǹkan kan ṣe. Ọmọ ọdún 24 kú lójú ìyá àti ọkọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ wíwú pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí lára aboyún! Ṣé ohun tí à ń jiyàn lé lórí nìyẹn? Ó ṣì ń pa àwọn ìyàwó wa títí dòní.

Cora, ìyá Sybil, lé Lọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀ kúrò ní yàrá. Mo ní ó tó àkókò! Àfi bí ìyá àgbà ṣe lọ bá Clarkson, tó fẹ̀sọ̀ fún un lọ́rùn, ni Clarkson bá wá sọ fún tọkọtaya pé iṣẹ́ abẹ náà ì bá má gbà á là. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó sọ òótọ́ níjọ́sí ni wọ́n mú purọ́, kí Lọ́ọ̀dù lè rí oorun sùn!

Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Lọ́ọ̀dù kó owó ìyàwó rẹ̀ sí rélùwéè Kánádà, owó wọgbó, Matthew, ọkọ Mary ọmọ rẹ̀, gbà á sílẹ̀. Òkú ọkùnrin wà lórí ibùsùn Mary, wọ́n gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n Ethel tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ bá ọkùnrin sùn, wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀.

Eré yẹn ti parí lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2015, mo mọ̀. Ẹ lọ kó wọn jọ padà. Kí Clarkson padà wọ yàrá yẹn, kó wo ojú Lọ́ọ̀dù, kó ní: ìwọ lo pa á.