Èsì wa fún oníbàárà tó ra àmúga ìkóẹ̀ka oníka 6

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ fi àwòrán ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, torí àwòrán yẹn ló jẹ́ ká lè dáhùn bó ṣe yẹ. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: àmúga tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata ni Bàbá rà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀ka kajú tí wọ́n gé lóko wọn lápá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń kó, Massey Ferguson (MF) 375 sì ni katakata wọn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni wọ́n fún wa. Wọ́n ní ìka méjì ti wọ́, orí katakata ń gbé sókè tí wọ́n bá ti kó ẹrù, ẹ̀ka ń dànù sójú ọ̀nà, àmúga náà sì ń mì lójú píìnì.

Ìka ló ná yín lówó jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Páìpù íńṣì 2, schedule 80 (ìyẹn ìwọ̀n bí ara páìpù ṣe nípọn tó), ni ìka yẹn. Ìbú rẹ̀ lóde jẹ́ 60.3 mm, ara rẹ̀ sì nípọn tó 5.5 mm. Ó yọ jáde lára férémù ní mítà 1.2. Tó bá jẹ́ pé ẹrù ló pọ̀ jù fún un, ìsàlẹ̀ ni ṣóńṣó rẹ̀ ì bá tẹ̀ sí. Àmọ́ nínú àwòrán kejì yín, ẹ̀gbẹ́ ni ìka méjèèjì yà sí, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ rárá, ẹnu ihò tí wọ́n ti wọ inú férémù gan-an ni wọ́n sì ti wọ́. Ẹrù kì í tẹ irin sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ṣóńṣó ìka ṣì wà nínú ilẹ̀ kí awakọ̀ sì yí sítíárìn, tàbí kí ìka kọ́ kùkùté kí wọ́n ní kí katakata fà á tu. A ṣe àmúga yìí láti wọ abẹ́ ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀, kó sì gbé e. Kò sí nǹkan tó mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè bá agbára ẹ́ńjìnnì bíi ti MF 375 wọ̀jà. Ẹ kìlọ̀ fún awakọ̀ yín: tí ìka bá ti kanlẹ̀, ọ̀nà tààrà ni kó máa rìn, ì báà jẹ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn. Tó bá fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, kó kọ́kọ́ gbé àmúga sókè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tọ́ àwọn ìka yẹn. Páìpù tó bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti wọ́. Títú ni wọ́n. Ẹ ó rí bóòtù M16 (èyí tó nípọn tó 16 mm) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òòlù lu ìdí ìka láti ẹ̀yìn férémù, yóò jáde. Páìpù íńṣì 2½, schedule 40, la jó mọ́ inú férémù ṣe ihò rẹ̀, inú rẹ̀ fẹ̀ tó 62.7 mm, nítorí náà ìka tuntun yóò wọ̀ ọ́ láìsí pé wọ́n gé irin kankan. Bí wẹ́dà àdúgbò bá máa lu ihò bóòtù sára ìka tuntun, ẹ̀gbẹ́ ni kó ti lù ú, kó má ti òkè lu dé ìsàlẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ páìpù ni ẹrù ti ń fà á tó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Ihò tó bá wà níbẹ̀ ni yóò di ojú ibi tí yóò ti ya.

Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n gbà yín nímọ̀ràn láti fi ewé sípíríǹgì tírélà rọ́pò ìka náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é, ewu rẹ̀ sì ń ká wa lára. Irin sípíríǹgì le ju irin páìpù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀. Tí wọ́n bá jó o bí wọ́n ṣe ń jó irin ojú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó yóò tutù kíákíá, yóò sì gan bí àwo tánganran. Kò ní wọ́ kó tó kán. Yóò kàn já lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan dúró sítòsí. Bó bá pọn dandan kí ẹ lò ó, bóòtù ni kí ẹ fi dì í, ẹ má jó o. Wẹ́dà tó bá sì fẹ́ jó o dandan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná yá irin náà gbóná tó bíi 250°C, kó lo ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá ìjórin) 7018 tó gbẹ dáadáa, kó sì fi eérú gbígbẹ bò ó títí yóò fi tutù fúnra rẹ̀. Kó má da omi sí i rárá.

Ti orí katakata tó ń gbé sókè: kì í ṣe ìwúwo ẹrù nìkan, ibi tí ẹrù jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo àwòrán kẹrin yín. Ààbọ̀ ìka péré ló wọ abẹ́ òkìtì, gbogbo ẹ̀ka sì kó jọ sí ṣóńṣó. Ẹrù 300 kg tí àárín rẹ̀ wà ní 60 cm sí férémù, tó bá sún dé mítà 1.1, agbára tó fi ń tẹ ìdí ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó sì tún ń fa ẹ̀yìn katakata wálẹ̀ sí i tí iwájú fi ń fúyẹ́. Kí awakọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn wọlé títí òkìtì yóò fi kan àwọ̀n irin ẹ̀yìn férémù. Ó kéré tán, ìdá 1 nínú 5 ìwúwo katakata gbọ́dọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ iwájú kí sítíárìn tó lè gbọ́ràn. Bí wọ́n bá ti yọ irin ìwúwo iwájú kúrò lára tiyín, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá sì fẹ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi gùn ún.

Àmúga tó ń mì, píìnì ni. Ìpele méjì ló wà lára píìnì ìsàlẹ̀: 28 mm lẹ́bàá férémù, 22 mm lóde. Bọ́ọ̀lù apá ìsàlẹ̀ katakata yín, ìyẹn irin oníhò tí píìnì ń wọ̀, jẹ́ ti Category II (ìwọ̀n tó ń lo píìnì 28 mm), ṣùgbọ́n orí tó tín-ín-rín lẹ fi kọ́ ọ, ìyẹn ló fi fi àyè tó ju 6 mm sílẹ̀. Ẹ dẹ ṣéènì ẹ̀gbẹ́, ẹ ti apá náà wọlé títí bọ́ọ̀lù yóò fi jókòó lórí ìpele tó nípọn (ejìká píìnì ọ̀tún àti ti òsì jìnnà síra ní 825 mm), kí ẹ wá fún ṣéènì padà. Píìnì tọ́ọ̀pù líǹkì (apá òkè tó so àmúga mọ́ katakata) náà ń bẹ nínú àpò tí a fi ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ 25 mm ni tiyín.

Ẹ̀ka tó ń dànù ńkọ́? Ẹ̀ka kajú kì í tọ́, a máa lọ́ pọ̀ mọ́ra, ìyẹn gan-an sì lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá tò ó dáadáa. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ìbú sí ìka. Èyí tó bá na gbọọrọ ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìka ló ń yọ́ bọ́ láàárín wọn. Àwọn tó nípọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tò sísàlẹ̀, kí àwọn tó léwé wà lókè, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì ìdìrù kan gba orí wọn dé férémù. Nígbà tí ẹ bá ń wọ abẹ́ òkìtì, ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀pù líǹkì gùn kí ṣóńṣó lè rọra fọwọ́ kan ilẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn, ẹ fún un kúrú kí ṣóńṣó lè yọ sókè díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé àmúga ní 30 sí 40 cm sí ilẹ̀. Lífà tí ń gbé apá dúró sójú kan ni kí awakọ̀ lò. Èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè máa ń gbé apá sókè sódò fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá ti ń fa tọ́ọ̀pù líǹkì, ẹ̀ka á sì máa jábọ́.

Ẹ yọ ọ̀pá PTO (ọ̀pá tó ń yí, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún irinṣẹ́ ẹ̀yìn katakata) kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí rẹ̀ bò ó.

Ìka méjì tuntun ti wà nílẹ̀ fún yín. Owó páìpù nìkan lẹ ó san, a ò ní gba owó iṣẹ́. Kí ẹ tó wá, ẹ bá wa wọn ihò bọ́ọ̀lù apá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Tó bá ti fẹ̀ ju 29 mm lọ, ó ti jẹ nìyẹn, bọ́ọ̀lù tuntun ni ẹ máa nílò pẹ̀lú ìka, ká lè kó gbogbo rẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà.