Géèmù Kan Péré Ló Gé E

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi ń pàdánù owó nídìí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má gbà á gbọ́. Láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀ níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Kwara, ẹnì kan kò tíì pàdánù rí. Géèmù kan péré ni ó máa ń gé wọn, ìyẹn ni pé ẹyọ kan tí kò bọ́ sí i ni ó ba gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ọkùnrin tí ó to géèmù 14 sí orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí 9 bọ́ sí i, tí 5 sì kọ̀, yóò fi sùúrù ṣàlàyé fún yín pé mẹ́rin nínú márùn-ún tí ó kọ̀ náà kò ṣe é kà: rẹfirí ṣe ojúsàájú nínú ọ̀kan, òjò rọ̀ sí èkejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá fi atamátàsé rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nínú ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ èyí tí òun kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn, ọ̀rẹ́ òun kan ni ó ní kí òun fi kún un. Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí ni ó gé e, ẹ̀yin tí ẹ sì ń pè é ní ẹni tí ó pàdánù, ìlara ni ó ń ṣe yín.

Mo ti fara balẹ̀ tẹ́tí sí àwọn ọ̀mọ̀ràn wọ̀nyí níwájú ilé tẹ́tẹ́, mo sì ti rí iṣẹ́ tí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá wà fún. Ó wà fún ṣíṣe àlàyé ìdí tí wọn kò fi jẹ, iṣẹ́ yìí ni ó sì ń ṣe láìkùnà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní odds kékeré (odds ni iye tí wọn yóò fi sọ owó ẹni di púpọ̀ bí ó bá jẹ), tí àwọn àgbà inú wọn gbà pé ó ní láákàyè jùlọ. Ikọ̀ ńlá tí ó fẹ́ gbá pẹ̀lú ikọ̀ kékeré ni wọ́n ń wá, èyí tí odds rẹ̀ kò ju 1.20 lọ, wọn yóò sì to mẹ́wàá irú rẹ̀ jọ. Bí ẹ bá fi 1.20 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí tí yóò fi pé mẹ́wàá, 6.19 ni yóò bọ́ sí, ìyẹn ni pé ₦1,000 yóò di ₦6,190 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣirò yìí ni gbogbo wọn mọ̀ lórí, títí kan àwọn tí wọn kò yege nínú ìṣirò nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé. Ìṣirò kejì ni kò sí ẹni tí ó ń ṣe é. Ká ní irú ikọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń borí nígbà 8 nínú 10, èyí tí kò burú rárá, ìgbà tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò borí pa pọ̀ kò ju bíi 11 lọ nínú 100. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di géèmù 20, nítorí pé odds 38 ń wọ̀ wọ́n lójú, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 87. Ẹni tí ó ni ilé tẹ́tẹ́ mọ ìṣirò kejì yìí, ìdí sì nìyẹn tí iná kì í fi í kú ní ilé rẹ̀. Kò tilẹ̀ dúró de ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọọgba ni kí góòlù pé 3 àti kí ó má pé, tí ó yẹ kí odds ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.00, 1.90 ni yóò kọ sí méjèèjì. Ẹnì kan yóò fi ₦100 sí ọ̀tún, ẹnì kejì yóò fi ₦100 sí òsì, yóò san ₦190 fún ẹni tí ó jẹ, ₦10 tí ó kù sì ti wọ àpò rẹ̀ kí rẹfirí tó fọn fèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí fóònù tó dé ni àwọn bàbá wọn ti ń jókòó ti ìwé púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ayé ìgbà tiwọn, tí wọ́n ń fi bírò pupa yí nọ́ńbà ká, tí wọ́n ń wá ọ̀mì. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sinmi bọ́ọ̀lù, géèmù Ọsirélíà ni púùlù máa ń gbé wá, àwọn àgbà kan sì wà tí wọn kò dé Ìlọrin rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè sọ fún yín ikọ̀ tí kì í gbá ọ̀mì nílé ní ìgbèríko Melbourne. Àwọn kan náà ni wọ́n ń bú àwọn ọmọ lónìí. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú wọn nítòsí ọjà Kàbà tí ó ń sọ fún ọmọ kan pé, "Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò ní sùúrù. Àwa a máa fi odindi ọ̀sẹ̀ wá báńkà kan ṣoṣo." Ọmọ náà tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé ẹ wá jẹ ẹ́?" Bàbá dákẹ́, ó wo ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Ọbájáná ń gbà kọjá, ó ní, "Nọ́ńbà kan ló gé mi, lọ́dún tí wọ́n bí ìyá rẹ."

Ọ̀rọ̀ báńkà yìí gba àlàyé. Báńkà ni géèmù tí ó dá ènìyàn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi owó ilé-ìwé ọmọ sí i. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2022, báńkà gbogbo ayé ni Argentina, nígbà tí wọ́n bá Saudi Arabia pàdé nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar. Messi gbá pẹ́náritì wọlé ní ìṣẹ́jú kẹwàá, àwọn ènìyàn wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọtí fún ara wọn láwìn. Nígbà tí eré parí, 2 sí 1 ni Saudi fi lù wọ́n. Argentina kan náà ni ó gba ife náà nígbẹ̀yìn, èyí tí kò dá owó ẹnikẹ́ni padà. Ní ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, Liverpool tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìyà 7 sí 2 lọ́wọ́ Aston Villa. Ẹ ó rò pé irú nǹkan báyìí yóò kọ́ ènìyàn pé kò sí ohun tí ń jẹ́ báńkà. Òfin tuntun ni ó kọ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn wa: a kì í fi géèmù àkọ́kọ́ nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé sí tíkẹ́ẹ̀tì. Villa náà bí òfin tirẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni òfin ń gorí òfin: a kì í ta tẹ́tẹ́ lé ikọ̀ tí a fẹ́ràn, a kì í ta ikọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lọ, a kì í ta ikọ̀ tí ó fẹ́ gbá ní Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀, a kì í ta géèmù ọjọ́ Ajé. Bí ènìyàn bá pa gbogbo rẹ̀ mọ́, kò ní ku géèmù kankan tí ó lè ta, mi ò sì rò pé ìmọ̀ràn kan wà nínú ìwé òfin náà tí ó dára tó ìyẹn. Nígbà tí Leicester gba líìgì ní sáà 2015/16, tí odds rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà jẹ́ 5,000 sí 1, àwọn tí wọ́n sọ pé díẹ̀ ló kù kí àwọn ta á pọ̀ tó láti kún pápá Leicester fúnra rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n wá gbọ́n jù nínú gbogbo wọn ni àwọn tí wọ́n ń ta kóòdù, nọ́ńbà tí ó ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ jáde. Orí WhatsApp àti Telegram ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ti bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ ọ́, owó díẹ̀ ni kí ẹ san kí ẹ fi mọ bí géèmù yóò ṣe parí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò le. Ká ní nọ́ńbà ènìyàn 800 wà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, yóò ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí 400 pé ikọ̀ onílé yóò borí, yóò sì ránṣẹ́ sí 400 yòókù pé kò ní borí. Bí ó ti wù kí ó rí, 400 ti rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Yóò gbàgbé àwọn tí ó kù, yóò pín àwọn wọ̀nyí sí 200 méjì ní Sátidé kejì, yóò sì pín àwọn tí ó ṣẹ́ kù sí 100 méjì ní Sátidé kẹta. Nígbà náà, ènìyàn 100 wà tí wọ́n lè fi Bíbélì búra pé ọkùnrin yìí kì í ṣìnà. Àwọn ni yóò wá sọ fún pé kóòdù ọ̀sẹ̀ yìí ₦10,000 ni. Bí gbogbo wọn bá san án, mílíọ̀nù kan náírà ti wọlé, kò sì ta tẹ́tẹ́ kankan. Olóògùn owó tí ó ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ sọ di olówó, ìlú wa kì í fura sí i mọ́, wọ́n kàn ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Ivan Toney, atamátàsé Brentford nígbà náà, dúró fún oṣù mẹ́jọ nítorí ẹ̀sùn 232 lórí tẹ́tẹ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dá Sandro Tonali, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ítálì, dúró fún oṣù mẹ́wàá ní Ítálì nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Agbábọ́ọ̀lù tí ó lè mọ nǹkan nípa géèmù, òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ta. Ọkùnrin tí ó wà ní Ìyàrà, tí kò mọ nǹkan kan, bónọ́ọ̀sì ni wọ́n fún un kí ó lè tètè wọlé. Ìjọba náà sì mọ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí ó pé ọdún méjì gééré tí Saudi lu Argentina, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ẹjọ́ gidi ni wọ́n rò níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò máa gba owó orí rẹ̀ kò sí lára àwọn tí géèmù lè gé.

Ìgbà kajú ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn jù, láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, nígbà tí owó wà nílé tí líìgì sì ń lọ sí òpin. Ìyá yóò bẹ̀rẹ̀ ṣa kajú títí ẹ̀yìn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán, ọmọ yóò bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, ọmọ yóò sì padà láìsí owó, pẹ̀lú ìtàn nípa Haaland, atamátàsé kan tí kò gbá góòlù wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ti fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn náà délẹ̀, ó ní, "Haaland yìí, ọmọ ta ni? Ẹ mú mi lọ sí ilé bàbá rẹ̀."

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn kì í ta tẹ́tẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, òṣìṣẹ́ káńsù ni wọ́n, díákónì wà nínú wọn. Fantasy ni tiwọn, eré orí fóònù tí ènìyàn ti ń yan agbábọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ikọ̀ tirẹ̀, tí ó sì ń gba àmì nídìí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá; ọ̀fẹ́ sì ni. Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn orí ìwé ni wọ́n fún olúkúlùkù láti fi ra agbábọ́ọ̀lù 15: aṣọ́lé 2, ọwọ́ ẹ̀yìn 5, ti àárín 5, ti iwájú 3, kò sì gbọdọ̀ kó ju 3 lọ láti inú ikọ̀ kan. Ọkùnrin tí kò rí owó ọbẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò jókòó di òru, yóò máa wá ibi tí òun yóò ti rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tí ó kù kí òun fi ra ọwọ́ ẹ̀yìn Everton. Bí ìyàwó bá bi í léèrè ohun tí ó ń rò, yóò dáhùn pé, "Ètò ìnáwó ni."

Ọgbọ́n tiwọn jinlẹ̀ ju ti àwọn onítẹ́tẹ́ lọ. Ẹni tí ènìyàn bá fi ṣe balógun, àmì rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì, nítorí náà gbogbo làákàyè ayé ni kí a fi ẹni tí ó ń gbá góòlù ṣe é. Ọ̀mọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní sáà 2024/25, Mohamed Salah gbá góòlù 29, ó sì gba àmì 344, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní irú rẹ̀ rí nínú ìtàn Fantasy. Ọ̀gá olùkọ́ kan ní Mọ̀pà tà á ní oṣù kẹsàn-án. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́. "Gbogbo ayé ló ní i," ni ó wí. "Èrè wo ló wà nínú kí n ní ohun tí gbogbo ayé ní?" Ó fi owó náà ra ẹnì kan tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ní i, ìdí tí kò sì fi sí ẹlòmíràn hàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún pààrọ̀ ènìyàn mẹ́ta lé e, àmì 4 ni wọ́n sì ń yọ fún pípààrọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ju èyí tí wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ. Ó san 12, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú 9 wálé. Ó ní ìlànà náà kò ní àbùkù, ọ̀sẹ̀ náà ni kò dára.

Ìṣẹ́jú 90 ṣáájú géèmù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn pípààrọ̀. Bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 12:30 ní London lọ́jọ́ Sátidé, aago 11 àárọ̀ ni èyí jẹ́ fún wa nígbà tí aago wa bá dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, ó sì di aago 12 ọ̀sán ní àkókò ọyẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọjọ́ Sátidé náà ni a ń sìnkú. Ẹ lọ wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹríba lẹ́bàá sàréè nígbà tí aago bá ń lọ sí 11. Gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n ń gbàdúrà. Mo ti fi ojú mi rí ọmọ olóòkú kan tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún da erùpẹ̀ sí bàbá rẹ̀, tí ó fi ti òsì yọ balógun rẹ̀ tí ó farapa, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó ṣe é ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nítorí pé wọn kì í ta tẹ́tẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí dá ₦5,000 kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ènìyàn 20, ₦100,000 fún ẹni tí yóò borí, wọ́n sì fi owó náà sí ọwọ́ díákónì. Nígbà tí oṣù karùn-ún dé, nọ́ọ̀sì kan ni ó borí. Ó ti fi Salah ṣe balógun láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀ fún un ní wọ́ọ̀dù, kò sì ráyè pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bínú gidigidi. Ọ̀gá olùkọ́ sọ pé oríire lásán ni, pé kò sí ìlànà kankan nínú ohun tí ó ṣe. Nọ́ọ̀sì náà kò jiyàn. Owó rẹ̀ ni ó béèrè. Díákónì bọ́ fìlà, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, àǹtí. Èmi ò fẹ́ kí owó náà kàn jókòó lásán ni mo ṣe fi sí odds kékeré, kí ó lè bí sí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó wá gbà á." Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí yóò gba owó náà padà lọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́. Díákónì ni alága rẹ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì pé kí ó bá wọn mú báńkà kan wá, nítorí pé ó jọ pé orí ń bá a ṣe é.