Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ́kọ́ ni Nickelodeon

Ẹ bi àwọn òbí tó ń sanwó DStv torí àwọn ọmọ ilé wọn. Púpọ̀ nínú wọn á ní Nickelodeon, ìkànnì tẹlifíṣàn àwọn ọmọdé, ni ẹ̀gbọ́n, Nick Jr., ti àwọn ọmọ kéékèèké, ni àbúrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹni tó tiẹ̀ ka nǹkan díẹ̀ nípa Nick Jr. á ní ọdún 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Irọ́ ni méjèèjì, èyí àkọ́kọ́ ló sì burú jù.

Ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1977, ilé-iṣẹ́ Warner gbé tẹlifíṣàn kébù tuntun kan jáde níbẹ̀, QUBE. Wọ́n fún oníbàárà ní àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnnì: bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè lórí tẹlifíṣàn, á jókòó sílé rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, èsì á sì dé ọ̀dọ̀ wọn. (Ọdún 1977 mà ni o!) Lára àwọn ìkànnì QUBE, ọ̀kan wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ. Pinwheel lorúkọ rẹ̀, Vivian Horner, ìyá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe Sesame Street, ètò tẹlifíṣàn àwọn ọmọdé, ló sì wà nídìí rẹ̀. Ilé kan tí èèyàn àti ọmọlangidi jọ ń gbé ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n á sì máa fi kàtúùn kéékèèké bọ̀ ọ́ láàárín.

Ìkànnì yìí gan-an ni wọ́n gbé sórí sátẹ́láìtì lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1979 kí gbogbo Amẹ́ríkà lè rí i, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nickelodeon. Pinwheel wá di ètò kan lórí rẹ̀, ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Àwọn ọmọ ńlá, àti omi yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń dà síni lórí, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1988? Wọ́n kó ètò àwọn ọmọ kéékèèké jọ sábẹ́ orúkọ kan, Nick Jr., wọ́n sì fi í sí àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọgbọ́n ọjà ni: ọmọ ńlá ti lọ sílé-ìwé, ọmọ kékeré ló kù nílé. Pinwheel fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ọdún 1990. Orúkọ nìkan ló jẹ́ tuntun.

Abẹ́ Nick Jr. yìí ni Gullah Gullah Island ti jáde ní 1994, tó dá lórí ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní erékùṣù ìpínlẹ̀ South Carolina. Blue's Clues, ètò Steve atọ́kùn àti Blue, ajá kàtúùn rẹ̀, tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, èyí sì wù mí láti sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi hàn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò ní yí padà. Àgbà tó bá wò ó á ní owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ á kàn ranjú mọ́ tẹlifíṣàn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, á ti máa pariwo ìdáhùn kí Steve tó béèrè tán. Angela Santomero, ọ̀kan lára àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n máa ń gbé apá kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn ọmọdé, wọ́n á wo ojú wọn, kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Ọdún 2009 tí wọ́n ń pariwo ńkọ́? Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ orúkọ Noggin kúrò lára ìkànnì kan tó ti wà láti 1999, wọ́n fi Nick Jr. rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mú 2009 wá fún yín, ẹ bi í pé ibo ni Blue ń gbé ní 1996.