Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni oúnjẹ inú iṣan yẹ fún
Mi ò lè fara mọ́ ohun tí òǹkọ̀wé kan sọ, pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fa oúnjẹ olómi sí lára láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, láìgba ẹnu tàbí ikùn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1991 láti àwọn ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 395 tí oúnjẹ kò tó lára wọn, fi hàn pé àwọn tó gba oúnjẹ yìí kó kòkòrò àrùn ju àwọn tí kò gbà á lọ, àti pé àwọn tó ti rù kan eegun nìkan ló jàǹfààní rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi: jẹjẹrẹ ti dí ọ̀nà ọ̀fun wọn débi pé omi pàápàá kò kọjá mọ́, ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi gba oúnjẹ náà ló sì jẹ́ kí wọ́n lè dìde jókòó fúnra wọn kí iṣẹ́ abẹ tó dé. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú mi, tó ní ìyá òun ṣì ń mu ẹ̀kọ, ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìfun màmá bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà nípa oúnjẹ ẹnu tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba imú fi sí inú ikùn.