Ẹ̀yin tí wọ́n ti gé ọyàn fún, ẹ wo irú ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó jápa lọ Amẹ́ríkà

Ẹ máa gbọ́ pé òfin ti fi dandan lé e kí ìnṣọ́ránsì Amẹ́ríkà sanwó àtúnṣe ọyàn. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ètò tó bá ń sanwó gígé ọyàn ni òfin WHCRA (òfin Amẹ́ríkà lórí ìlera obìnrin àti ẹ̀tọ́ ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ) ti ọdún 1998 mú: ó gbọ́dọ̀ sanwó àtúnṣe náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ abẹ lára ọyàn kejì kí méjèèjì lè dọ́gba, ọyàn àtọwọ́dá, àti ìtọ́jú apá tó bá wú. Bó bá jẹ́ pé kókó nìkan ni wọ́n yọ, òfin yìí lè má kàn yín.

Ìnṣọ́ránsì pọ́ọ́kú ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Ti ìrìn àjò àti ti oṣù díẹ̀ lè yọ àìsàn tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ kúrò. Èyí tí ọmọ ìjọ fi ń dáwó ìwòsàn fún ara wọn, ìnṣọ́ránsì kọ́ rárá. Ti ibi iṣẹ́ tàbí ti Marketplace, ọjà ìjọba tí wọ́n ti ń ra ìnṣọ́ránsì ìlera, ni kẹ́ ẹ wá. Ibi iṣẹ́ lè ní kẹ́ ẹ dúró fún 90 ọjọ́. Marketplace fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbélùú ní 60 ọjọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tówó tó ń wọlé fún ò pọ̀, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní green card ló máa dúró fún ọdún 5.

Ẹ ṣì máa kọ́kọ́ fi owó ara yín san deductible, ìyẹn iye tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san kí ìnṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiẹ̀, ọdọọdún ló sì ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi expander, àpò tí wọ́n fi ń na awọ àyà, sí i ní November, tí wọ́n wá fi ọyàn àtọwọ́dá pààrọ̀ rẹ̀ ní March, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ lè san án. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oṣù kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Wàhálà tó kù ni DIEP, irú àtúnṣe ọyàn tí wọ́n ń fi awọ àti ọ̀rá ikùn ṣe. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe ò pọ̀, ó sì lè má sí lára àwọn dókítà tí ìnṣọ́ránsì yín ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fún yín ní network gap exception, ìyẹn àyè láti lo dókítà tí kò sí lára tiwọn, lákọsílẹ̀, ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n pe iṣẹ́ abẹ ìkejì ní oge, ẹ gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà. Ẹ ní 180 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù 4 ló wà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ olùyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn.

Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ àti èsì àyẹ̀wò ẹran ara lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó gé ọyàn náà, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Àwọn ni ẹ̀rí pé ọyàn ni wọ́n gé, pé kì í ṣe kókó.