Ẹ̀rù ló ń bá mi ta ọjà yìí

Àkànní Under G: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gbà mí o. Pọ́n-ùn àti dọ́là ni mò ń rà tí mò ń tà lórí fóònù. Bí mo bá ti rí èrè dọ́là 6 báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, n ó yára ti òwò náà pa kó má baà bọ́. Bó bá jẹ́ àdánù ni, n ó jókòó tì í, mo ní á padà wá. Ní Túsìdeè, ó kó dọ́là 140 lọ. Kí lẹ ń ṣe sí ẹ̀rù yìí?

Alákọ̀wé: Túsìdeè kẹ̀? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń pè é.

Ìbejì Sábó: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣẹ́gun ẹ̀ yẹn 😂

Tírédà Tákìé: Stop loss: kí fóònù ti òwò náà pa fúnra rẹ̀ bí àdánù bá ti dé iye tí o fi sí i. Ó parí.

Ọmọ Aláàfin: Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ, ẹ tún ti ń jẹ gbèsè kí ẹ tó jẹ̀kà 😂😂

Àyìnlá LAUTECH: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan kọ́. Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ ní 1979: kí 1,000 náírà sọnù lọ́wọ́ ẹni a máa dunni ju bí rírí 1,000 he ṣe ń dùn mọ́ni lọ. Bí ẹ kò bá tíì tì í pa, ọkàn á máa parọ́ fún yín pé owó náà ò tíì lọ.

Bàbá Olùkọ́: Èmi ò mọ Kahneman. Mo ra ṣíà báǹkì ní 2008 torí gbogbo olùkọ́ ló ń rà á. Àtọ́ka ọjà ṣíà Èkó, òǹkà tó ń fi bí owó ṣíà ṣe ń lọ hàn, tó nǹkan bí 66,000 ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tó fi di oṣù kẹta 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Mo kọ̀, n ò tà. Ìwé rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ẹní mi dòní.

Tírédà Tákìé: Bàbá, ẹ ò ní stop loss ni.

Ọmọ Aláàfin: Ìwọ Tákìé yìí, ṣé ìwọ kọ́ lò ń gba 5,000 lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé, o ní o máa fi signal ránṣẹ́, pé ìgbà báyìí ni kí wọ́n rà, ìgbà báyìí ni kí wọ́n tà? Àkáǹtì tìẹ dà?

Tírédà Tákìé: Ta ló bi ọ́?

Ọmọ Aláàfin: Gbé e síta ká rí i.

Tírédà Tákìé: N kì í fi owó mi han ará Ọ̀yọ́.

Ìbejì Sábó: Ẹ má fi Ọ̀yọ́ ṣe é o!

Ọmọ Aláàfin: Demo ni! Owó àfiṣeré lò ń tà, ẹ̀rù wo ni yóò bà ọ́?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù ò burú. Òun ni kì í jẹ́ kí n fi gbogbo owó mi ra iṣu gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èlùbọ́ tí kòkòrò bá sì ti wọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni mò ń tà á ní pọ́ọ́kú. N kì í gbé e pamọ́ pé á padà di tuntun.

Alákọ̀wé: Ìyá, èló ni kọ́ńgò kan báyìí?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Wá s'Ọ́jà Jagun, ma bá ẹ ṣe é.

Tírédà Tákìé: STOP LOSS!!! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́!

Ọmọ Aláàfin: Demo.

Àkànní Under G: Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ti ṣí òmíràn o, kí n lè gba 140 mi padà. Ó ti ń lọ sísàlẹ̀. Ṣé kí n tì í pa àbí kí n dúró?

Tírédà Tákìé: Àkáǹtì mi kì í ṣe demo.